Àpò táńpólì tí mo rán fún Boxer mi láti lọ pàgọ́ l'Ádó-Àwáyè: bó ṣe ṣe é rèé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun máṣíìnì fún fàájì, àti ẹ̀yin ọlọ́kadà gan-an bẹ́ ẹ bá ráyè, ẹ wá gbọ́. Àpò táńpólì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, àpò alápá méjì tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí máṣíìnì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Mo lọ rán an lápá Ọ̀jọ́ọ̀ n'Ìbàdàn, lọ́wọ́ àwọn tó ń rán táńpólì trélà, torí mo fẹ́ gbé máṣíìnì Boxer 150 mi lọ pàgọ́ l'Ádó-Àwáyè, ìlú olókè tó wà lápá Ìṣẹ́yìn, mi ò sì tíì pàgọ́ níbì kankan rí láyé mi. ₦30,000 ni mo san fún méjèèjì, ₦8,000 mìíràn tún lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, màá sọ ìdí ẹ̀. Kí n má fi yín ṣeré, àpò náà dáa, ó dáa ju bí mo ṣe rò lọ, mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá kàn gbà á lọ́wọ́ ẹni tó rán an tẹ́ ẹ sì so ó mọ́ máṣíìnì lójú ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ gbéra, ó lè jóná, ó sì lè gbé yín ṣubú. Ẹ ní sùúrù kẹ́ ẹ ka gbogbo ẹ̀.

Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ aránpò ni pé gbogbo nǹkan tó wà lọ́jà ò bá mi lára mu. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bi léèrè ní kí n ra bọ́ọ̀sì dìsípáàṣì, àpótí táwọn tó ń fi máṣíìnì gbé ẹrù fún oníbàárà máa ń gbé sẹ́yìn. Bọ́ọ̀sì yẹn dáa fún búrẹ́dì, ó dáa fún ẹrù oníbàárà, òjò ò lè wọ̀ ọ́, ẹ tún lè fi kọ́kọ́rọ́ tì í, àmọ́ ẹ wo ibi tó jókòó sí ná, òkè kàríà ló wà, ó ga, ó tún yọ sẹ́yìn kọjá táyà ẹ̀yìn, bẹ́ ẹ bá wá ki ìkòkò àti gáàsì àti omi àti àgọ́ sínú ẹ̀, iwájú máṣíìnì á fúyẹ́, áńdù á máa gbọ̀n lọ́wọ́ yín, bẹ́ ẹ bá sì dé kọ́nà ẹ ó rí i pé ibi tẹ́ ẹ ń lọ kọ́ ló ń lọ. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ lọ, bọ́ọ̀sì yẹn ló gbé, ẹ máa gbọ́ ohun tójú ẹ̀ rí.

Ẹlòmíì ní kí n di gbogbo ẹ̀ sínú Ghana must go, kí n fi rọ́bà dè é mọ́ síìtì, ó parí. Àwọn tó ń kó ẹrù lọ Bódìjà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, mi ò bú wọn, àwọn mọ bí wọ́n ṣe ń dì í. Ṣùgbọ́n àpò yẹn ò ní ìrísí kan pàtó, bí nǹkan inú ẹ̀ bá ti sún báyìí, okùn ti dẹ̀ nìyẹn, ẹ ò sì ní mọ̀ torí ẹ̀yìn yín ló wà. Ti òyìnbó náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó rẹwà, ó ní oríṣiríṣi síìpù àti ìdè, mo wo owó ẹ̀, mo tún wo owó tí wọ́n máa fi gbé e wọ̀lú, mo rọra pa fóònù dé.

Ẹni tó rán tèmi, Alfa ni gbogbo wọn ń pè é níbẹ̀. Táńpólì trélà àti kánópì ló ń rán, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tóbi, abẹ́rẹ́ ibẹ̀ nípọn débi pé ó lè gún bẹ́líìtì ní àgúnyọ. Mo dé ibẹ̀, mo ṣàlàyé. Alfa wò mí, ó wo máṣíìnì, ó ní, "Ọ̀gá, kí lẹ fẹ́ máa fi kó?" Mo ní aṣọ, sítóòfù, oúnjẹ díẹ̀. Ló bá gbé kẹ́ẹ̀gì 25 lítà kan wá, ó fi ti ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì mi, ó ní bí òun ṣe máa ń rán an fáwọn tó ń kó iṣu bọ̀ láti oko nìyẹn, wọn á kàn wọn kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á rán an bí kẹ́ẹ̀gì ṣe rí. Mo ní rárá o Alfa, ẹ bá mi wá kẹ́ẹ̀gì 10 lítà, kẹ́ ẹ wá fi ìka mẹ́rin kún un láti òkè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò ní gba nǹkan kan. Mo ní ìyẹn gan-an ni mo fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀, torí ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹrù dídì wà fún ẹni tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́. Èèyàn tí ò pàgọ́ rí, ẹ̀rù ló máa ń bà á, ẹ̀rù yẹn ló sì máa ń dì sínú àpò. Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́, ó mú ẹ̀wù òjò méjì. Bí ebi bá pa mí ńkọ́, ó mú Indomie páálí kan. Bí iná bá kú ńkọ́, ó mú tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta pẹ̀lú páwà báǹkì ńlá. Bí àpò bá ti ní àyè, èèyàn á rí nǹkan kì sí i, kò sí àpò tí kì í kún. Torí náà bẹ́ ẹ bá fẹ́ dín ẹrù kù, ẹ má wulẹ̀ kọ lísìtì gígùn kẹ́ ẹ wá máa fagi lé e, ẹ dín àpò fúnra ẹ̀ kù látọ̀dọ̀ ẹni tó ń rán an. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tèmi ò ju kẹ́ẹ̀gì 10 lítà lọ púpọ̀, àgọ́ wà lórí kàríà, báàgì kékeré kan wà níwájú mi, kò sí ibòmíì tí n lè ki nǹkan sí mọ́, bí mo sì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan kúrò fúnra mi nìyẹn láìsí ẹni tó ń bá mi jà.

Ohun èlò ẹ̀ ńkọ́? Táńpólì trélà ni, èyí tó nípọn tí wọ́n fi nǹkan bíi rọ́bà kùn lójú méjèèjì, kì í ṣe ọ̀rá búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ táwọn èèyàn fi ń bo yanrìn. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó san owó, èyí tó dáa máa ń wúwo, kì í pariwo ọ̀rá bẹ́ ẹ bá run ún lọ́wọ́. Alfa ká etí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó rán an, ó fi òwú náílọ́ọ̀nù táwọn aránbàtà ń lò rán an, ó gba ojú kan náà kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Òkè àpò ò ní síìpù. Èmi ni mo sọ pé mi ò fẹ́ síìpù, torí eruku ilẹ̀ pupa máa ń wọ eyín síìpù, kò sì ní pẹ́ tó fi máa ti pátápátá. Ṣe lẹ máa ká ẹnu àpò yẹn mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ wá fi ìdè mú un lápá méjèèjì.

Ìdè yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Bẹ́líìtì mọ́tò tòkunbọ̀ ni Alfa lò, tòun ti orí ẹ̀ onírin tó ní bọ́tìnì pupa. Ó gé e, ó rán an mọ́ àpò, ó rán ìkejì mọ́ àwọ̀ táńpólì fẹ̀ẹ̀rẹ̀ kan tó gba abẹ́ síìtì kọjá láti ọ̀tún sí òsì. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ tú àpò kúrò lára máṣíìnì, ẹ tẹ bọ́tìnì, ó dún kọ́, ó bọ́. Ìṣẹ́jú kan ò pé. Ó wúwo díẹ̀ lóòótọ́, ó sì máa ń dún lójú ọ̀nà tí kò dáa, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì tí wọ́n ṣe kó lè mú èèyàn dúró nínú jàǹbá mọ́tò, ẹrù kẹ́ẹ̀gì mélòó ló máa já a? Mo tún ní kó gé èyí tó kù ṣe okùn èjìká sí i, ó kọ́kọ́ sọ pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Ẹ máa rí i níwájú pé okùn èjìká yẹn ló gba gbogbo ìrìn àjò là.

Ó wá ku ibi tí iṣẹ́ Alfa parí sí tí iṣẹ́ tiyín bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni sàlẹ́ńsà. Ọwọ́ ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà Boxer wà, àpò ọ̀tún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè jókòó lé e lórí. Táńpólì ò fẹ́ràn iná rárá, kì í gbiná lójú ẹsẹ̀, ṣe ló máa kọ́kọ́ rọ̀, á wá lẹ̀ mọ́ irin, ihò á yọ sí i. Mo gba àjákù páànù àlùmíníọ́mù lọ́wọ́ àwọn tó ń kan òrùlé, mo gé e tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, mo fi bóòtì àti wáṣà mú un mọ́ ìsàlẹ̀ àpò ọ̀tún, mo fi àlàfo sí àárín páànù àti táńpólì kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀. Lẹ́yìn tá a dé, mo fọwọ́ kan táńpólì ibẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkejì ni wẹ́dà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fo èyí. Àpò rírọ̀ tí ò ní nǹkan tó dá a dúró lápá inú, bẹ́ ẹ bá wọ gáálọ́ọ̀pù á fì wọlé sáàárín sípóòkì táyà ẹ̀yìn. Bí sípóòkì bá fa àpò, táyà á dúró lójijì, ẹ sì mọ ìyókù. Mo ní kí wẹ́dà tẹ irin róòdù 10 mílì, kó jó o mọ́ ara kàríà lọ sísàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí àpò lè máa fara ti irin dípò táyà. ₦8,000 tí mo sọ nìyẹn. Bí ẹnì kan bá ní òun á rán àpò yìí fún yín tí kò bi yín nípa irin tó máa dá a dúró, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ fún un.

Ìkẹta ni omi. Táńpólì kì í gba omi, ṣùgbọ́n ojú abẹ́rẹ́ máa ń gbà á. Mo gbé àpò méjèèjì kọ́ ara máṣíìnì nínú ọgbà wa, mo ki ìwé ìròyìn gbígbẹ sínú wọn, mo bu omi bọ́kẹ́ẹ̀tì lé e lórí díẹ̀díẹ̀. Òkè tí mo ká mọ́lẹ̀ ò jẹ́ kí ẹ̀kán kan wọlé, ojú rírán ìsàlẹ̀ ló jò, ìwé ìròyìn tutù lápá ìsàlẹ̀ bí ìka méjì sókè. Mo fi àbẹ́là ra ojú rírán yẹn láti inú àti láti ìta, ó dín kù, kò tán. Ohun tó yanjú ẹ̀ ni ọ̀rá tó nípọn nínú àpò kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo nǹkan wọ inú ọ̀rá kó tó wọ inú àpò. Nítorí èyí ni mo ṣe yọ máàkì kan kúrò. Àpò tí wọ́n ń fi iná lẹ̀ dípò abẹ́rẹ́ ò ní ìṣòro yìí.

Ó yá, kí ni mo kó sínú ẹ̀? Òsì tí kò sí iná ni mo kó sítóòfù kékeré àti gáàsì sí, pẹ̀lú irinṣẹ́: sípánà, túùbù táyà ẹ̀yìn kan (3.00-17 ni Boxer 150 ń lò lẹ́yìn, ẹ wo ara táyà yín kẹ́ ẹ tó rà), pọ́ǹpù ọlọ́wọ́, plọ́ọ̀gì kan, wáyà kọ́lọ́ọ̀ṣì kan. Irinṣẹ́ wà nísàlẹ̀ pátápátá torí ó wúwo, ohun tó bá wúwo, ìsàlẹ̀ àti iwájú ni kó máa wà, kó sún mọ́ ẹsẹ̀ yín, kí ohun tó fúyẹ́ máa lọ sókè àti sẹ́yìn. Ọ̀tún ni ìkòkò kan, ṣíbí, gàrí, ẹ̀pà, ṣúgà, Indomie díẹ̀, aṣọ òtútù kan àti aṣọ ìbora. Mi ò ra àpò ìsùn táwọn òyìnbó ń wọ̀ sínú, aṣọ ìbora tí màmá mi fi ń bora láàárọ̀ ọyẹ́ ló ṣe iṣẹ́ náà, fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà lábẹ́ mi. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba, ẹ má wá òṣùwọ̀n kiri, ẹ fi igi kan la àárín okùn èjìká méjèèjì, kí ẹnì kan fi èjìká gbé àárín igi yẹn, ẹ̀gbẹ́ tó bá lọ sílẹ̀ lẹ máa yọ nǹkan nínú ẹ̀.

Àgọ́ wà ní ìbú lórí kàríà, ẹ rí i pé kò gùn ju áńdù lọ, torí ibi tí áńdù bá ti gbà kọjá lẹ máa rò pé gbogbo máṣíìnì ti kọjá. Rọ́bà túùbù tí wọ́n gé gẹ́gẹ́ bíi bẹ́líìtì ni mo fi dè é, èyí tí gbogbo ọlọ́kadà ń lò. Kò sí ìdè tó dáa tó rọ́bà yìí. Okùn onírọ́bà tó ní kọ́ọ̀kù irin lẹ́nu yẹn, ó lè ta sí èèyàn lójú, bó bá sì bọ́ lójú ọ̀nà táyà ló máa ń lọ há sí. Báàgì iwájú ni mo kó pátíkúlà, láísẹ́ńsì, owó kéékèèké, pílásítà àti oògùn ibà sí, kí n má baà máa tú ẹrù nígbàkigbà tí wọ́n bá dá mi dúró. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì ò sí nínú ohun tí èèyàn ń dì, orí ló ń gbé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rántí January 2009 tí FRSC ní gbogbo ọlọ́kadà gbọ́dọ̀ dé e, táwọn kan lọ gbé igbá dé orí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe irú ẹ̀ lọ́nà Ìṣẹ́yìn.

Nǹkan méjì tó fẹ́ bá mi wúwo ni mo fi sílẹ̀ n'Ìbàdàn, mo sì dúpẹ́ pé mo fi wọ́n sílẹ̀. Omi ni ọ̀kan. Àpò píọ̀ wọ́tà kan, ogún ọ̀rá ni, ìdajì lítà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn lítà mẹ́wàá, kílò mẹ́wàá. Kí lẹ fẹ́ gbé kílò mẹ́wàá láti Ọ̀jọ́ọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á fún? Ìlú ni Adó-Àwáyè, kì í ṣe aginjù. Èkejì ni epo. Tánkì Boxer 150 ń gba lítà 11, lítà kan sì lè gbé yín lọ tó 40 kìlómítà dáadáa, ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín, àlọ àtàbọ̀ ò lè mu tánkì yẹn tán. Kò sídìí kankan tí kẹ́ẹ̀gì epo fi máa bá sítóòfù àti gàrí gbé inú àpò kan náà. Ẹ kàn kún tánkì ní Mọ́níyà.

Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ yí sípíríńgì ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn kó le sí i, sípánà tó wà nínú àpò irinṣẹ́ máṣíìnì ló ń yí i. Ẹ fẹ́ táyà ẹ̀yìn dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ fún ẹni méjì. Ẹ sì wo ṣéènì lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti di gbogbo ẹrù tẹ́ ẹ sì ti jókòó lé e, torí ẹrù máa ń yí bó ṣe dẹ̀ sí padà.

Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn, 65 kìlómítà yẹn tí ìjọba Mákindé tún ṣe, ó dán, àwa tá a mọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ la mọ̀ ọ́n lóore. Àpò ò mì. Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣe ni pé ẹnu táńpólì tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìdè máa ń lù pẹpẹpẹ nínú atẹ́gùn bí mo bá ti sáré díẹ̀, mo dúró ní Ìjàyè, mo ki etí ẹ̀ sábẹ́ bẹ́líìtì, ó dákẹ́. Ẹ ṣáà dúró lẹ́yìn kìlómítà mélòó kan àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kan gbogbo ìdè, kò sí ẹrù tí kì í sún lẹ́yìn gáálọ́ọ̀pù àkọ́kọ́. Ọ̀rẹ́ mi tòun ti bọ́ọ̀sì ẹ̀, mo ń wò ó láti ẹ̀yìn, ní gbogbo bọ́ǹpù ni bọ́ọ̀sì yẹn ń kan orí fún un bí ìyàwó tuntun tó ń kí àwọn àna, nígbà tá a dé Ìṣẹ́yìn bóòtì kan ti bọ́ lábẹ́ ẹ̀, mẹkáníìkì ní láti wá òmíràn. A jẹ àmàlà, a ra wàrà, a wo àwọn tó ń hun aṣọ òkè díẹ̀, a tẹ̀ síwájú. Nǹkan bí 20 kìlómítà ló kù.

Ibi tí àpò táńpólì ti wá já bọ́ọ̀sì jù sílẹ̀ rèé. Máṣíìnì kì í gun òkè Adó. Ẹ máa sanwó lẹ́nu géètì, ẹ máa wá ibi tí máṣíìnì máa sùn sí nísàlẹ̀ lábẹ́ ojú ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán, ẹsẹ̀ lẹ máa fi gun àtẹ̀gùn tó lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta, tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn lókè, ẹ sọ fún wọn látìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ gba ọmọ ìlú kan tó máa mú yín lọ tó sì máa bá yín sùn níbẹ̀. Ẹ má dá a ṣe o, ẹ má sì yọ́ kẹ́lẹ́ gun òkè onílùú lóru. Mo tẹ bọ́tìnì pupa lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé àpò kan kọ́ èjìká ọ̀tún, ìkejì kọ́ òsì, mo so àgọ́ mọ́ ẹ̀yìn, mo gbé omi dání, ó tán. Ọ̀rẹ́ mi ńkọ́? Bọ́ọ̀sì ò ṣeé gbé gun àtẹ̀gùn. Ó ní láti tú gbogbo ẹrù ẹ̀ sínú ọ̀rá tó rà lọ́wọ́ ìyá kan nísàlẹ̀, bó ṣe ń gbé èyí lèyí ń já, ìkòkò ẹ̀ bọ́, ó yí lọ sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ń dún gbọ̀ngbọ̀n, ọmọkùnrin tó ń mú wa lọ rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó.

Òkè yẹn fúnra ẹ̀ ò nílò àpèjúwe mi. Adágún Ìyáàké wà níbẹ̀, òkúta Ìṣagè wà níbẹ̀ tó dúró lórí nǹkan tí kò tó nǹkan, ibi tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ kan ayé ẹsẹ̀ kan ọ̀run náà wà níbẹ̀, ọmọ ìlú á sọ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan fún yín, ẹ má fẹsẹ̀ wọ ibi tó bá ní kẹ́ ẹ má wọ̀. Ohun tó kan ẹni tó ń pàgọ́ ni pé àpáta ni gbogbo ẹ̀. Èèkàn àgọ́ ò lè wọlẹ̀. Àgọ́ tó bá jẹ́ pé èèkàn ló ń mú un dúró, ẹ fi í sílẹ̀ nílé, ẹ wá èyí tí ọ̀pá ẹ̀ ń dá dúró fúnra ẹ̀. Síbẹ̀ atẹ́gùn òkè yẹn lóru ò kéré, ó fẹ́ gbé àgọ́ tòun tèmi. A kó òkúta sínú àpò táńpólì méjèèjì tí mo ti kó ẹrù kúrò nínú wọn, mo so okùn àgọ́ mọ́ bẹ́líìtì wọn, ọ̀kan lápá iwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Àgọ́ ò mira mọ́. Alfa ò mọ̀ pé òun ti rán èèkàn mọ́ ọn, èmi náà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí àpò ṣe rí lẹ́yìn tá a padà dé: táńpólì ò ya, àpáta ha ìsàlẹ̀ ẹ̀ díẹ̀, òwú kan ti tú níbi tí okùn èjìká ti pàdé àpò lápá òsì, Alfa tún un rán láìgba owó. Òórùn rọ́bà tó máa ń ní ní ìbẹ̀rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀, gàrí mi gbà á díẹ̀, ẹ di gàrí sínú ike. Irin wẹ́dà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún torí mi ò kùn ún, mo ti kùn ún báyìí.

Ẹ̀dùn ọkàn mi kan ṣoṣo ni ọ̀la. Ọ̀la ni Alfa máa ń sọ. Mo dé ibẹ̀, ọ̀la. Mo pè é, ọ̀la, ó ti gé e, ó ku rírán. Ó gba tó ọ̀sẹ̀ méjì kí iṣẹ́ tó ní ọjọ́ mẹ́ta tó jáde, torí kánópì ayẹyẹ ló ń kọ́kọ́ yanjú, owó ibẹ̀ ló pọ̀. Mi ò bínú sí i, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má lọ dá ọjọ́ ìrìn àjò sí ọjọ́ tó bá dá fún un.

Ta ló yẹ kó rán irú ẹ̀? Ẹni tó bá ní Boxer tàbí máṣíìnì tó ní kàríà irin, tó ń lọ sùn ọjọ́ kan tàbí méjì, tó mọ̀ pé òun á fi ẹsẹ̀ rìn níbẹ̀. Ẹni tó ń lo sikútà tí ò ní ibi tí irin lè jó mọ́, kò bá a mu. Ẹni tó ń lọ lásìkò òjò, kó lọ wá èyí tí kò ní ojú abẹ́rẹ́, tàbí kó ra ọ̀rá tó pọ̀. Ẹni tó sì fẹ́ fi ẹrù sílẹ̀ lórí máṣíìnì níwájú hòtẹ́ẹ̀lì, bọ́ọ̀sì tó ní kọ́kọ́rọ́ ló bá a mu, torí ẹnikẹ́ni ló lè tẹ bọ́tìnì pupa.

Bẹ́ ẹ bá lọ sọ́dọ̀ Alfa, ẹ gbé máṣíìnì dání kó lè wọ̀n ọ́n lójú yín, ẹ mú kẹ́ẹ̀gì 10 lítà yín lọ́wọ́ torí 25 ló máa gbé fún yín, ẹ ra bẹ́líìtì tòkunbọ̀ fúnra yín lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò, mẹ́rin tórí ẹ̀ ṣì ń dún dáadáa, kẹ́ ẹ sì san ìdajì owó péré sílẹ̀.